Lúdò: ibo ló ti wá, kí sì ni òfin rẹ̀ gan-an?

Afẹ́ayò

Ẹ kú àkókò o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa lúdò. Ìbéèrè mi pọ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ìwé òfin tó máa ń bá bọ́ọ̀dù wá kì í ju ìlà mélòó kan lọ, ohun tó sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí fóònù. Orí fóònù ní àpótí onírawọ̀ tí wọn kò ti gbọdọ̀ pa ọmọ ayò ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀dù onípátákó kò ní ìràwọ̀ kankan. Ẹlòmíì ní tí èèyàn bá ju mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó ti pàdánù gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì ní kó máa rìn lọ. Àwọn kan ń lo dáìsì kan, àwọn kan ń lo méjì. Èwo ni òfin nínú gbogbo ẹ̀? Ta ló ṣe lúdò gan-an, tí kò fi òfin kan ṣoṣo lélẹ̀ fún wa?

Ohun tí mo ń wá ni ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, òfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ gbà, àti àwọn ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì lè sọ fún wa bóyá ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ tàbí oríire lásán ni, inú mi á dùn gan-an.

Ọ̀pìtàn

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ìtàn, torí pé ibẹ̀ ni ìdí tí òfin fi pọ̀ wà.

Íńdíà ni lúdò ti ṣẹ̀. Ayò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pachisi. Aṣọ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ojú ayò náà, ó rí bí àgbélébùú: apá mẹ́rin, ìlà mẹ́ta lórí apá kọ̀ọ̀kan, àpótí mẹ́jọ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 24 lórí apá kan, 96 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láì ka àárín mọ́ ọn. Àárín yẹn ni àwọn ọmọ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí.

Wọn kì í lo dáìsì. Owó ẹyọ ni wọ́n ń dà sílẹ̀, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá ka iye tó la ẹnu sókè. Tó bá jẹ́ láti orí méjì dé mẹ́fà ló la ẹnu sókè, iye yẹn náà ni èèyàn máa rìn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, 10 ni. Tí gbogbo wọn bá da ẹnu délẹ̀, 25 ni, òun ló ga jù, òun náà sì ni wọ́n fi sọ ayò náà lórúkọ. Ẹni tó bá rí 6, 10 tàbí 25 á tún dà á. Ẹ rí i pé "o rí mẹ́fà, tún un jù" ti wà kí dáìsì tó dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹni mẹ́rin ló ń ta Pachisi, méjì-méjì ni wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe, àwọn tó kọjú síra ni ẹgbẹ́. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní. Àfi tí ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ẹgbẹ́ kan bá délé ni wọ́n tó jẹ́ ayò. Àpótí 12 lójú ayò náà ní àmì lára, ọmọ tó bá wà níbẹ̀ kò ṣe é pa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn aláfóònù ló hùmọ̀ ibi ààbò. Ní Fatehpur Sikri ní Íńdíà, ìlú tí ọba Akbar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1571, ojú ayò náà wà lórí ilẹ̀ olókùúta inú àgbàlá ààfin títí di òní, ó fẹ̀ débi pé èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ bí ọmọ ayò.

Láti Íńdíà ló ti gba ọ̀nà púpọ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó wá di Selchow & Righter fi orúkọ Parcheesi sábẹ́ òfin ní 1874. Ní England, 1896 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí wọ́n sọ ní Ludo. Wọ́n yọ owó ẹyọ kúrò, wọ́n fi dáìsì onígun mẹ́fà àti ife tí wọ́n fi ń mì ín rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò láàárín lọ sí igun, wọ́n yí ìrìn padà kó máa lọ bí ọwọ́ aago (òdìkejì ni ti Pachisi), ó sì di kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Ní Jámánì, Josef Friedrich Schmidt bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1914 pẹ̀lú orúkọ Mensch ärgere Dich nicht. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fi 3,000 ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ológun, àwọn ọmọ ogun ló sì gbé e kiri nígbà tí wọ́n padà sílé. Àwọn ará Sípéènì ní Parchís, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Uckers.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé dàgbà. Òfin tí ẹnì kan ń gbèjà sábà máa ń wá láti ara ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka yìí, kì í ṣe pé ó ń parọ́.

Ọgbà Mẹ́rin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀pìtàn. Ẹ jẹ́ ká wá wo ojú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, torí ohun tó ṣe é fi ìka kà kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀.

Bọ́ọ̀dù lúdò jẹ́ àpótí 15 níbùú, 15 lóròó. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọgbà, àpótí 6 lọ́nà 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Àárín jẹ́ 3 lọ́nà 3, ibẹ̀ ni ilé. Ohun tó kù ni apá mẹ́rin, ìlà mẹ́ta lórí apá kan, àpótí mẹ́fà lórí ìlà kan, àpapọ̀ rẹ̀ 18. Lórí ìlà àárín, márùn-ún tó sún mọ́ ilé ló ní àwọ̀, òun ni ọ̀nà ilé, ẹni tó ni àwọ̀ yẹn nìkan ló lè gbabẹ̀. Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú 18, ó ku 13. Ìgbà mẹ́rin 13 jẹ́ 52. Àpótí 52 yìí ni títì tí gbogbo wa jọ ń rìn.

Kálukú ní ọmọ mẹ́rin nínú ọgbà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló máa kọ́kọ́ ta, á wá máa lọ bí ọwọ́ aago. Mẹ́fà ló ń mú ọmọ jáde, orí àpótí ìjáde ló sì ń gbé e sí, kò tún rìn ju ibẹ̀ lọ. Dáìsì tí o bá tún jù lẹ́yìn mẹ́fà yẹn lo máa fi rìn. Kò pọn dandan kí mẹ́fà mú ọmọ jáde o. Tí ọmọ rẹ kan bá ti wà níta, o lè fi mẹ́fà yẹn rìn.

Láti àpótí ìjáde, ìṣísẹ̀ 50 ló dé àpótí àárín tó wà létí apá rẹ, níbi tí o ti máa yà sí ọ̀nà ilé. Ìṣísẹ̀ 5 lórí ọ̀nà ilé, ìkẹfà ló wọlé. 56 lápapọ̀ nìyẹn. Àpótí kan ṣoṣo ló wà lórí 52 tí ọmọ rẹ kì í tẹ̀: èyí tó wà lẹ́yìn àpótí ìjáde rẹ gan-an. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Èèyàn á máa ka ìṣísẹ̀ lọ, ojú á fò ó níbi tó yẹ kó yà, ó di pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì. Tí ẹ bá rí ọmọ kan lórí àpótí tó wà lẹ́yìn ìjáde àwọ̀ tirẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ta á ti ṣì í kà. Ẹ dá a padà kí dáìsì tó kan ẹlòmíì.

Ní ti pípa: tí ọmọ rẹ bá bà sórí àpótí tí ọmọ ẹlòmíì kan ṣoṣo wà, o pa á, ó padà sínú ọgbà rẹ̀, àfi kó tún rí mẹ́fà kó tó jáde. Ibi tí ìrìn rẹ parí sí nìkan lo ti lè pa á. O kò lè pa ọmọ tí o kọjá lórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń fún apani ní jíjù kan sí i. Ní Parcheesi, ìṣísẹ̀ 20 ni wọ́n ń fi kún un, wọ́n tún ń fi 10 kún un fún ọmọ tó bá délé. Lúdò lásán kò ní ìyẹn.

Iye tó ṣe gẹ́lẹ́ ló ń wọlé. Tó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta tí o sì ju márùn-ún, ọmọ yẹn kò lè rìn. O gbọ́dọ̀ fi márùn-ún yẹn ta ọmọ mìíràn tó bá lè rìn, kódà bí kò bá wù ọ́. Tí ìkankan kò bá lè rìn, gbé dáìsì fún ẹni tó kàn.

Ní ti mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta, òfin tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní ìrìn, ẹni tó jù ú sì ti pàdánù àyè rẹ̀. Àwọn kan fagi lé méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú, tí wọ́n á dá ọmọ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí kejì yìí ló ń fa wàhálà, torí ẹni tó ti fi mẹ́fà àkọ́kọ́ pa èèyàn á ní òun kò dá a padà. Tí ẹ bá fẹ́ lo èyí tó ń fagi lé gbogbo rẹ̀, kí ẹ jù ú tán ná kí ẹ tó gbé ọmọ kankan.

Afẹ́ayò

Ẹ ṣeun gan-an. 56 yẹn ti yanjú ìjà kan fún mi. Tí ọmọ méjì tó jẹ́ tẹnì kan bá wà lórí àpótí kan náà ńkọ́? Tó bá sì jẹ́ pé ẹni méjì péré ló fẹ́ ta?

Ìdènà

Ọmọ méjì aláwọ̀ kan náà lórí àpótí kan ni wọ́n ń pè ní ìdènà. Bí wọ́n ṣe ń ta á ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé ọ̀tá kò lè pa wọ́n, kò lè bà síbẹ̀, kò sì lè kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn á dúró títí wọ́n á fi tú u ká. Ìdènà tó wà lórí àpótí ìjáde ọ̀tá ló burú jù, torí mẹ́fà tó bá rí kò ní lè mú ọmọ jáde.

Àṣìṣe kan tó ń bá ìdènà rìn: ẹni tó ṣe é á gbàgbé pé òun náà gbọ́dọ̀ rìn. Tí ọmọ rẹ méjì yòókù bá wà nínú ọgbà, iye tí dáìsì bá mú wá tí kì í ṣe mẹ́fà á fọ́ ìdènà náà fún ọ tipátipá. Nítorí náà, kí o tó dínà, ní ọmọ kẹta níta tó lè máa gba ìrìn.

Tó bá jẹ́ ẹni méjì, àwọ̀ tó kọjú síra ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àpótí 13 ló wà láti ìjáde kan sí èkejì. Tí ẹ bá kọjú síra, 26 ló wà láàárín yín lọ́tùn-ún, 26 lósì. Tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ẹnì kan á máa jáde ní 13 sẹ́yìn èkejì, èkejì á máa jáde ní 39 sẹ́yìn tirẹ̀. Ọdẹ ni ẹnì kan, ẹran ni ẹnì kejì látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì tún lè mú àwọ̀ méjì-méjì, èyí tó dára jù torí ojú bọ́ọ̀dù á kún.

Ọgbà Mẹ́rin

Mo fara mọ́ ti Ìdènà, àyàfi lórí "kò lè kọjá". Orí fóònù púpọ̀ kì í dínà bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá á kàn fò ó kọjá. Ìdí wà fún un: níbi tí ìràwọ̀ ti wà, ọmọ púpọ̀ ló máa ń kóra jọ sórí àpótí kan, tí gbogbo rẹ̀ bá sì di ìdènà, ayò á dúró gbagidi. Àpótí ààbò mẹ́jọ ni wọ́n sábà ń lò: ìjáde mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti àpótí mẹ́rin tó jìn sí ìjáde kọ̀ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Tí ẹ bá fẹ́ lo ìràwọ̀ lórí bọ́ọ̀dù tí kò ní in, ẹ ka mẹ́jọ láti ìjáde, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ mú ọ̀kan: ìràwọ̀ láìsí ìdènà, tàbí ìdènà láìsí ìràwọ̀. Tí méjèèjì bá wà pọ̀, pípa á ṣọ̀wọ́n, ayò á sì gùn láìnídìí.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọgbọ́n àbí oríire. Dáìsì jẹ́ oríire. Èwo nínú ọmọ mẹ́rin lo máa fi rìn ni ọgbọ́n, ìṣirò rẹ̀ kò sì le.

Ẹ kọ́kọ́ wo jíjáde. Mẹ́fà ní àǹfààní kan nínú mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé yóò wá láàárín jíjù mẹ́fà. Nínú ẹni 100 tó bá ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹfà, nǹkan bí 33 ni kò ní rí mẹ́fà kankan. Kódà lẹ́yìn jíjù mẹ́wàá, nǹkan bí 16 ṣì wà nínú ọgbà. Ìdí tí àwọn ará Jámánì fi ń jẹ́ kí ẹni tí kò ní ọmọ kankan níta jù lẹ́ẹ̀mẹta tó bá kàn án nìyẹn: àǹfààní rẹ̀ á di 91 nínú 216, nǹkan bí 42 nínú 100. Òfin tó dára ni, pàápàá tí ọmọdé bá wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ewu. Pẹ̀lú dáìsì kan, tí ọmọ ọ̀tá bá wà lẹ́yìn rẹ ní ìṣísẹ̀ 1 dé 6, ìkan nínú mẹ́fà ni àǹfààní tó ní láti pa ọ́ nígbà tó bá kàn án, bóyá ìṣísẹ̀ kan lo fi jìn tàbí mẹ́fà. Ní ìṣísẹ̀ 7 dé 12, àfi kó kọ́kọ́ ju mẹ́fà, kó tún ju iye tó kù: ìkan nínú 36. Nítorí náà, tí o bá wà ní 6 síwájú ọ̀tá, ìṣísẹ̀ kan péré tí o bá fi kún un ti dín ewu náà kù lọ́nà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n láti 1 lọ sí 5, o kò jèrè nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré lásán; ọmọ mìíràn ni kí wọ́n fi ìrìn yẹn ta.

Pẹ̀lú dáìsì méjì, nǹkan yí padà, torí èèyàn lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè pa méjèèjì pọ̀ fún ọmọ kan. Ní ìṣísẹ̀ 1, ọ̀nà 11 nínú 36 ló pa ọ́. Ó ń fi ọ̀kan pọ̀ sí i bó ṣe ń jìn: 12 ní ìṣísẹ̀ 2, títí dé 16 ní ìṣísẹ̀ 6. Tó bá di 7, ó já wá sí 6 nínú 36. Ní 12, ọ̀kan péré. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú dáìsì méjì, tó bá jẹ́ dandan kí o dúró níwájú ọ̀tá, fara mọ́ ọn tímọ́tímọ́ tàbí kí o jìn ju 6 lọ. Ìṣísẹ̀ 6 gan-an ni ibi tó burú jù lójú bọ́ọ̀dù.

Àpótí ìjáde ọ̀tá ńkọ́? Níbi tí kì í bá ṣe ibi ààbò, tí ọmọ ṣì kù nínú ọgbà rẹ̀, má dúró síbẹ̀. Mẹ́fà tó ń wá láti fi jáde náà ló máa pa ọ́, kò ní láti yan láàárín méjèèjì.

Ní ti gígùn ayò: 56 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 224. Dáìsì kan ń mú ìṣísẹ̀ 3.5 wá ní ìpíndọ́gba, 224 á gba nǹkan bí jíjù 64 láì ka mẹ́fà tó ń mú ọmọ jáde, pípa, tàbí ìdúró lẹ́nu ilé. Ọmọ tí wọ́n pa ní ìṣísẹ̀ 45 ti pàdánù nǹkan bí jíjù 13, ó tún fẹ́ mẹ́fà. Èyí tí wọ́n pa ní ìṣísẹ̀ 3 kò pàdánù púpọ̀ ju mẹ́fà yẹn lọ. Dáàbò bo èyí tó ti jìnnà. Jẹ́ kí tuntun máa fara gba ewu.

Lẹ́nu ilé, ẹ má sún ọmọ títí tó fi ku ìṣísẹ̀ kan tí nǹkan mìíràn bá wà tí ẹ lè ta. Ọmọ tó ku ìṣísẹ̀ kan, dáìsì kan ṣoṣo ló wúlò fún un. Èyí tó ku márùn-ún lè lo 1, 2, 3, 4 tàbí 5. Méjèèjì kò ṣe é pa, ṣùgbọ́n èkejì kò ní jẹ́ kí o máa gbé dáìsì fún ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdènà

Kí n fi ti dáìsì fúnra rẹ̀ kún un, torí òun ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn jù. Ojú méjì tó kọjú síra lórí dáìsì gbọ́dọ̀ pé méje: 1 àti 6, 2 àti 5, 3 àti 4. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹ bá fura pé apá kan wúwo jù, ẹ po iyọ̀ púpọ̀ sínú ife omi gbígbóná, títí tí iyọ̀ kò fi ní yọ́ mọ́, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì ju dáìsì náà sí i. Ọ̀pọ̀ oníke á léfòó. Ẹ fi ìka yí i, kí ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀, kí ẹ tún un ṣe bí ìgbà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń yí sókè ṣáá, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lápá kan.

Jíjù lásán kì í tètè fi hàn. Nínú jíjù 60, ó yẹ kí ojú kọ̀ọ̀kan wá ní nǹkan bí ìgbà 10, ṣùgbọ́n dáìsì tó pé náà lè mú mẹ́fà wá ní ìgbà 15 láìsí ẹ̀tàn kankan. Ẹ jù ú tó 600 kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ lo ife, kí ẹ mì ín, kí ẹ dà á. Ọwọ́ lásán ni àwọn kan fi ń rọra tẹ́ dáìsì sílẹ̀ láìjẹ́ kó yí. Èyí tó bá já bọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù tàbí tó fara ti ọmọ kan tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú, kí wọ́n tún un jù.

Afẹ́ayò

Ó ti yé mi wàyí. Ohun tí mo máa kọ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù nìyí: dáìsì kan, jíjù mẹ́ta fún ẹni tí kò ní ọmọ níta, ìdènà kò ṣe é kọjá, kò sí ìràwọ̀, mẹ́fà kẹta ṣòfò, méjì àkọ́kọ́ dúró, pípa kò ní jíjù àfikún, iye tó ṣe gẹ́lẹ́ ló ń wọlé. Ṣé ó ku nǹkan kan?

Ọgbà Mẹ́rin

Ó ku ọ̀kan: tí ẹnì kan bá ti kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délé, ṣé ayò ti parí ni, tàbí àwọn tó kù á máa ta á lọ fún ipò kejì àti ìkẹta? Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ju dáìsì.